Ó Yọ̀ Bọ́ Lọ́kàn Mi

Ẹ bá mi bẹ àǹtí mi ní Bẹẹ̀rẹ̀ o. Wọ́n ti sọ fún gbogbo agboolé pé òtútù Lọ́ńdọ̀nù ti wọ̀ mí lórí. Èmi náà ni mo fà á. Ta ló rán mi níṣẹ́ pé kí n máa túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ Ìbàdàn?

Owó ìnfátà ló bí i. Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti ń béèrè. Ìnfátà kékeré ni o, wọ́n ní kó ṣáà lè gbé fáànù mẹ́ta, fìríìsà, tẹlifíṣọ̀n, àti ẹ̀rọ tí aládùúgbò fi ń lọ ata.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ burúkú yìí. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ gbàgbé owó òru mẹ́rin tí mo ṣe. Nígbà tí mo béèrè, ó fọwọ́ lé àyà, ó ní "Oh, it slipped my mind!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò tíì san owó ilé. Òyìnbó kì í gbàgbé, ẹ gbọ́ mi. Nǹkan ló máa ń yọ̀ bọ́ lọ́kàn wọn bí ọṣẹ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi náà gbàgbé láti fọwọ́ sí ìwé kan láago mẹ́rin òru. Mo fọwọ́ lé àyà, mo gbé ohùn gba imú, mo ní "It slipped my mind." Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n pè mí wọ yàrá, ẹnì kan ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá wá ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀: ṣé Gẹ̀ẹ́sì náà yé mi? Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ìwé tó ti wà láti 1948! Mo ní ó yé mi, mà.

Inú yẹn ni mo ṣì ń bí nígbà tí àǹtí pè. "Owó ìnfátà dà?"

Ẹnu mi kàn gbé e: "Ẹ má bínú, àǹtí, ó yọ̀ bọ́ lọ́kàn mi ni."

Wọ́n dákẹ́. "Ó yọ̀? Ṣé ilá lo fi ń fọ ọkàn ẹ ni?"

Mo fẹ́ tún un ṣe, mo bà á jẹ́. Mo ní ọkọ̀ ojú irin ìrònú mi ló sọ nù.

"Ọkọ̀ ojú irin! Èyí tó wọ Ìbàdàn ní 1901, a mọ ibi tó ń dúró sí ní Dùgbẹ̀. Tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, ó ń bẹ ní Móníyà. Tìẹ nìkan ló wá sọ nù? Ṣé o tiẹ̀ rántí pé a sọ̀rọ̀ ìnfátà?"

Mo ní, "Ó ń lu agogo díẹ̀díẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níhìn-ín nìyẹn, tí nǹkan bá fẹ́ wá síni lọ́kàn.

"Yéè! Agogo ti ń lù lórí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi!"

Kí n tó fọ abọ́ tán, ìpàdé ẹbí ti dúró lórí WhatsApp. Àáfà ní ẹnì kan ló jí ọkọ̀ ojú irin náà gbé. Wòlíì ní òun rí agogo náà kedere, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lù ú kọ ẹ̀yìn sí òun. Ìyá eléwé ọmọ kan ní Ọjà'ba po ìsọ̀yè, dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n ní tó bá dé, kí n máa fìka lá a láàárọ̀, kí n dojú kọ Mápó. Mo bi Google ibi tí Mápó wà sí yàrá mi. Ó ní kí n gba Faransé, kí n la Sàhárà kọjá. Owó ìsọ̀yè wá ju owó ìnfátà lọ, èmi náà ni wọ́n kọ ọ́ sí lọ́rùn. Ẹni tó máa gbé e bọ̀ ṣì ń dúró de físà.

Láti yẹ̀ mí wò, àǹtí ya fọ́tò nǹkan kan tó so mọ́ ògiri ìdáná ẹ̀yìnkùlé. "Kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Mo wò ó. Nǹkan tí màámi fi ń ṣe ògì ni. Èmi ni mo máa ń di etí rẹ̀ kan mú, tí omidùn á máa ta sí mi lẹ́sẹ̀. Mo rántí òórùn rẹ̀. Mo rántí àpá tó wà ní àtàǹpàkò màámi. Orúkọ nǹkan náà kọ̀, kò wá. "Sieve" ló ń wá ṣáá. Òyìnbó tiẹ̀ máa ń fi pe orí ẹni tó bá ń gbàgbé.

Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú màámi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí wọ́n tó bu yẹ̀pẹ̀. Ọdún méjì rèé.

Ẹkún ì bá gbọ̀n mí nínú bọ́ọ̀sì òru náà, àfi ti ọ̀mùtí kan tó jókòó tì mí, tó ń jẹ itan adìẹ, tó ń nu ọwọ́ sí kóòtù mi. Bí mo ṣe ní kí n bínú sí i báyìí ló já lu ẹnu mi: "Asẹ́!" Dírẹ́bà wẹ̀yìn. Ọ̀mùtí gbé itan adìẹ pamọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: ASẸ́.

Àǹtí ò tíì sùn. "Ìsọ̀yè ti ń jẹ́! Ọpẹ́ o!" Ìgò náà ṣì wà lórí fìríìsà wọn ní Bẹẹ̀rẹ̀. "Ó yá, owó ìnfátà ńkọ́?"

Mo ní, "Ìnfátà kẹ̀? Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àǹtí?"