Iná ara hot rod kò tíì kú

Láti ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Àbúrò mi kan tí a jọ ń gbé ní Gúúsù Kalifọ́níà níbí ló rí fọ́tò kan lórí fóònù mi: Ford ọdún 1932, ó dúdú bí kóró iṣin, wọ́n sì kun ọwọ́ iná sí i lára láti imú títí dé ilẹ̀kùn. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń wo nǹkan yìí? Ìgbà rẹ̀ ti kọjá o." Mi ò fèsì. Inú bí mi díẹ̀, mi ò sì fẹ́ fi ìbínú sọ̀rọ̀ nípa ohun tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Ara mi ti balẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ hot rod, mọ́tò àtijọ́ ni, pàápàá Ford àwọn ọdún 1920 àti 1930, tí àwọn ọ̀dọ́ Kalifọ́níà ń rà ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n á tú fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì kúrò kó lè fúyẹ́, wọ́n á wá ki ẹ́ńjìnnì tó lágbára bọ inú rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, ó di Muroc tàbí El Mirage, àwọn adágún tí omi wọn ti gbẹ tí ilẹ̀ wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n lọ mọ ẹni tí tirẹ̀ yá jù. Ọdún 1937 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ SCTA (Southern California Timing Association) sílẹ̀ kí eré náà lè ní ètò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun tí ọwọ́ wọn ti mọ irin dáadáa padà wálé, ó wá di ńlá. Oṣù kìíní ọdún 1948 ni ìwé ìròyìn Hot Rod kọ́kọ́ jáde. Ford 1932 yẹn ni ọba láàárín wọn, torí ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Ford fi ẹ́ńjìnnì V8 sínú mọ́tò tí mẹ̀kúnnù lè rà.

Ẹ wá wo ibi tí iná ti ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Imú ni, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ibẹ̀ ló ti fẹ̀, tó ti funfun tàbí kó jẹ́ yẹ́lò. Á wá máa na ahọ́n sẹ́yìn, á di àwọ̀ omi ọsàn bó ṣe ń sún mọ́ gíláàsì iwájú, á pọ́n nígbà tó bá fi máa dé ilẹ̀kùn, á sì parí sí ṣónṣó. Atẹ́gùn ló ń fà á yẹn. Mọ́tò náà lè ti dúró sójú kan láti àárọ̀, kí wọ́n ti yọ bátìrì rẹ̀ pàápàá, ojú rẹ á ṣì máa sọ fún ọ pé eré ló ń sá. Mi ò tíì rí àwọ̀ mìíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Epo àti iná kò jìnnà síra nínú mọ́tò eré ìje, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó máa bà wọ́n lẹ́rù ni wọ́n gbé sójú táyé, tí wọ́n yà á kó rẹwà.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló mú mi. Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó ti bàbá kan ní gáréèjì rẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó fi sáńpépà olómi ha ara mọ́tò náà títí dídán rẹ̀ fi lọ, ó nù ún, ó tún un nù. Ó wá mú téèpù kan tí kò fẹ̀ ju ẹyọ ìgbálẹ̀ mélòó kan lọ, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á, ó ń fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ibi tí téèpù ń lọ ló ń wò. Níbi tí ahọ́n méjì ti pàdé, ó tẹ̀ ẹ́ róbótó bí ẹ̀kán omi, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́, pé àlàfo tó wà láàárín ahọ́n kan sí èkejì ṣe pàtàkì tó iná fúnra rẹ̀. Nígbà tó ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tán, ó sọdá títì, ó dúró sí òdìkejì, ó wò ó pẹ́. Ó padà wá, ó já ahọ́n méjì dànù, ó bẹ̀rẹ̀ wọn lákọ̀tun. Ojú mi ò rí àléébù kankan lára méjèèjì tó já.

Ó lẹ bébà mọ́ gbogbo ibi tí kò gbọdọ̀ gba ọ̀dà. Ìgbà yẹn ni ìyá ìyá mi l'Abẹ́òkúta wá sí mi lọ́kàn, bí wọ́n ṣe máa ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní í débẹ̀. Ohun tí téèpù ń ṣe lára irin nìyẹn, dídá ààbò bo ibi kan kí ibòmíràn lè sọ̀rọ̀. Mo sọ fún bàbá náà. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó ní kí n fi aṣọ ọ̀hún han òun. Mo wá fọ́tò àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, ó sì fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lórí fóònù láìsọ nǹkan kan.

Yẹ́lò ló kọ́kọ́ fín. Lẹ́yìn náà àwọ̀ omi ọsàn, fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrì, kó má baà sí ibi tí èèyàn máa tọ́ka sí pé níbí ni ọ̀kan ti parí. Pupa gbẹ̀yìn, ní ṣónṣó nìkan. Kí ọ̀dà tó gbẹ tán ló ti ń ká téèpù náà kúrò. Ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírun gígùn fa ìlà aláwọ̀ búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ yí gbogbo etí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, láìgbọ̀n. Ọ̀dà tó ń dán bí gíláàsì ló fi bò ó, ó ha á, ó tún un bò, títí àtàǹpàkò mi kò fi mọ ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Torí náà, ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀ máa ń dá ọwọ́ pẹ́ńtà mọ̀. Larry Watson ń dá ìlà sára mọ́tò ní agbègbè Long Beach láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́langba. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń lọ sópin, ó mú iná tí àwọn tó ṣáájú máa ń yà kó sanra kó sì kúrú, ó nà án gbọọrọ títí ó fi ń lọ́ bí ewéko inú òkun. Orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì ń pè é dòní.

Ìgbà kan wà lóòótọ́ tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi ì bá ti wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ló ti ń wo iná bí ohun àwọn bàbá wọn. Pete Chapouris, ọ̀kan lára àwọn tó ń kan hot rod ní Kalifọ́níà, kò bá wọn lọ. Ó ní kí wọ́n kun iná sára Ford 1934 rẹ̀ tó dúdú. Oṣù kọkànlá ọdún 1973, Hot Rod gbé e sí èèpo ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò yẹ́lò ti Jim Jacobs, tí òun náà ń kan hot rod. Lọ́dún 1974, òṣèré Martin Sheen wà á nínú fíìmù tẹlifíṣọ̀n kan, orúkọ fíìmù náà, The California Kid, sì lẹ̀ mọ́ mọ́tò ọ̀hún lára. Iná tún gba ìgboro.

Ohun tí mo rò pé ó ba ojú àbúrò mi jẹ́ ni sítíkà. Ẹni tó bá dàgbà sáàárín mọ́tò tí wọ́n lẹ ọ̀rá oníná mọ́, èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí, tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, tí etí rẹ̀ ń ká kúrò bí òjò bá ti pa á lẹ́ẹ̀mejì, báwo ló ṣe máa mọ̀? Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìfínkun kékeré yà kó lè jọ iná gidi ńkọ́? Iṣẹ́ ńlá ni, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò fà mí. Iná gidi ò ní etí. Etí yẹn gan-an, ìlà búlúù yẹn, ni mo ń wá. Irú kan tún wà tí wọ́n ń fi ọ̀dà tó sún mọ́ àwọ̀ mọ́tò kùn, àfi tí oòrùn bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kó o tó rí i. Mo lè dúró ti ìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo máa ń lọ wo ìpàtẹ Grand National Roadster Show ní Pomona, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Oakland lọ́dún 1950. Ẹ wo àwọn ọmọ kéékèèké níbẹ̀. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò olówó iyebíye mẹ́wàá kọjá, ìdí èyí tó ní iná ni wọ́n á dúró sí. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn.

Lálẹ́ àná, mo fi fọ́tò ilẹ̀kùn tí bàbá náà kùn ránṣẹ́ sí àbúrò mi, láti ìtòsí, kó lè rí ìlà búlúù yẹn dáadáa. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kun èyí?"