Màdáàmù Inú Fóònù

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí Mọ̀pà tí ẹ rò pé ọkọ̀ wíwà nílùú òyìnbó á máa dùn yùngbà torí pé títì wọn dán, ẹ fara balẹ̀ kí n bá yín sọ ọ́. Dídán títì yẹn gan-an ni wàhálà.

Níbí, ta ló ń sọ iye eré tí dírẹ́fà máa sá fún un? Ihò ni. Ihò tó wà láàárín Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ. Bí ihò bá gbàgbé ọ, ewúrẹ́ á rán ọ létí. Bí ewúrẹ́ bá lọ jẹun, tírélà símẹ́ǹtì Ọbájánà á yọ sí ọ lójijì, ìwọ fúnra rẹ á sì wá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan sára irin. Ní England tí mo wà, kò síhò, kò séwúrẹ́. Nọ́mbà lásán ni wọ́n fi ń so ọkọ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n á kọ 20, wọ́n á kọ 30, wọ́n á kọ 50, wọ́n á gbé e kọ́ orí irin, o sì gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Máìlì ni o, kì í ṣe kìlómítà. 30 tiwọn jẹ́ nǹkan bíi 48 tiwa. 70 tó jẹ́ òpin lórí mọ́tòwéè, ìyẹn ọ̀nà márosẹ̀ ńlá wọn, lé díẹ̀ ní 112.

Ká ní wọ́n ń kọ ọ́ sí gbogbo ibi ni, ì bá sàn. Wọn kì í kọ ọ́! Òfin wọn ní bí o bá ti rí òpó iná tí wọ́n tò tẹ̀léra, tí àárín ọ̀kan sí èkejì kò ju mítà 183 lọ, 30 ni o máa sá, àfi bí wọ́n bá kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀. Ìyẹn ni pé ara òpó iná ni wàá ti ka eré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ro tiwa wò. Òpó ń bẹ lójú títì Ìsánlú, iná ni kò sí. Mélòó ni òfin máa ní ká sá?

Àmì kan tún wà, róbótó funfun tí ìlà dúdú gbà dàgẹ̀rẹ̀ kọjá, kò sí nọ́mbà kankan lára rẹ̀. Ó túmọ̀ sí 60 lórí ọ̀nà tí àlọ àti àbọ̀ jọ ń gbà, 70 níbi tí wọ́n ti fi nǹkan pín àlọ níyà sí àbọ̀. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ń gbé e sí: ọ̀nà abúlé tí ewúrẹ́ méjì kò lè gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, igbó ní ọ̀tún, igbó ní òsì, kọ́nà níwájú. Òfin ní o lè sá 60 níbẹ̀ bó bá wù ọ́. Ẹni tó bá ní ìyá nílé kò ní í dán an wò.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ilé àwọn arúgbó ni mo máa ń lọ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Mo wẹ màmá yìí, mo fún bàbá yẹn lóògùn, mo din ẹyin fún ẹnì kẹta, ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wà. Ìṣẹ́jú tí mo máa fi wa ọkọ̀ láti ilé kan dé èkejì, ìyẹn kò sí nínú ìwé. Wọ́n gbà pé mo máa fò ni. Ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ fún un pé kó máa ka òpó iná. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé Màdáàmù wọlé.

Ìyàwó mi kọ́kọ́ ṣi gbólóhùn yẹn gbọ́, oúnjẹ alẹ́ sì pẹ́ lọ́jọ́ náà. Màdáàmù kì í ṣe èèyàn. Obìnrin inú fóònù ni, tó ń sọ ibi tí n ó yà sí. Àmì róbótó pupa kékeré kan wà ní igun ojú fóònù náà, inú rẹ̀ ni nọ́mbà òfin ń gbé, nọ́mbà eré tèmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti kọjá ààlà, tèmi á pọ́n wẹ̀ẹ̀, nǹkan kan á sì dún tíntín. Kì í bínú. Kì í gbóhùn sókè. Bí mo ṣi ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹrin, á kàn wá ọ̀nà mìíràn fún mi ni, kò ní í pe ìyá mi lórí fóònù lọ fẹjọ́ sùn.

“Ó ní kó o yà sósì, o yà,” ìyàwó mi wí. “Ó ní kó o dín eré kù, o dín in kù. Èmi ní kó o ra tòmátì bọ̀, o ní o kò gbọ́.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Màdáàmù kì í rán mi ní tòmátì.

Àbúrò bàbá mi, tó ń fi lọ́rì kó iṣu Kàbà lọ sí Èkó nígbà tí eegun rẹ̀ ṣì le, bi mí pé ta ló sọ iye eré fún obìnrin yìí. Mo ní sátẹ́láìtì ni, Bàbá, wọ́n wà lókè lọ́hùn-ún, ó lé ní 20,000 kìlómítà sí ilẹ̀, wọn kò dín ní 24. Bàbá dákẹ́ lọ títí. Wọ́n ní, “Wọ́n wà ní ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ka ohun tó wà lára irin ládùúgbò rẹ?”

Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó! Wọn kì í kà á, ẹ̀yin èèyàn mi. Sátẹ́láìtì kò mọ̀ bóyá 20 ni tàbí 70. Ohun tó ń fọ́n sílẹ̀ kò ju aago àti ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà lọ. Fóònù ló ń fi ìyẹn ṣírò ibi tí mo wà, á wá lọ wo inú máàpù tí àwọn èèyàn jókòó kọ nọ́mbà sí. Bó bá jẹ́ ọdún tó kọjá ni wọ́n kọ ọ́, tí ìjọba sì yí i padà lánàá, Màdáàmù á máa fi ohùn oyin sọ ti èṣí fún ọ, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ìyàrà kan tó ń gbé ní Cardiff. Ní September 17, 2023, ìjọba Wales sọ ọ̀pọ̀ títì ìgboro tó jẹ́ 30 di 20 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo Wales gbọ́. Máàpù inú ọkọ̀ ọmọ Ìyàrà yìí nìkan ni kò gbọ́, torí láti ìgbà tó ti ra ọkọ̀ náà ní tòkunbọ̀, kò sẹ́ni tó fún un ní máàpù tuntun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà dé pé ó sáré ju òfin lọ. Lẹ́tà wọn kì í sì í pẹ́, òfin ní kó dé ọwọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ láàárín ọjọ́ 14. Pọ́n-ùn 100, póìǹtì 3 lórí láísẹ́ǹsì. Bí póìǹtì bá pé 12 láàárín ọdún 3, ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi rìn. Ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì tún wá burú jù: póìǹtì 6 láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́, láísẹ́ǹsì ti lọ nìyẹn.

Wọ́n ní kó wá sí kíláàsì dípò póìǹtì. Ọkùnrin tó ní dìgírì méjì, ó sanwó, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ṣàlàyé fún un pé 20 kéré sí 30. Olùkọ́ bi gbogbo wọn pé kí ló ń sọ iye eré fún wọn lójú ọ̀nà. Ó nawọ́, ó ní, “Màdáàmù.” Olùkọ́ rò pé ìyàwó rẹ̀ ló ń bá wí, ó ní kó bá òun kí i.

Èmi àti Màdáàmù, orí mọ́tòwéè ni ìjà wa wà. Mò ń lọ jẹ́jẹ́ ní 70. Ọ̀nà kékeré kan ń bá mọ́tòwéè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, igi díẹ̀ ló pín wọn níyà. Màdáàmù ṣàdédé gbà pé mo ti bọ́ sí ọ̀nà kékeré yẹn. Róbótó di 30. Tíntín, tíntín, tíntín! Kí n gbọ́ràn, kí tírélà tó wà lẹ́yìn gùn mí? Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, mo gba abẹ́ afárá mọ́tòwéè kọjá, níwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé ń gbé báàgì sọdá, Màdáàmù ní 70. Obìnrin yẹn kò lójú.

Bí wọ́n bá ń tún ọ̀nà ṣe ńkọ́? Wọ́n á gbé 50 síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, Màdáàmù lè máà mọ̀. Kámẹ́rà á ya nọ́mbà ọkọ̀ rẹ bí o ṣe wọlé, òmíràn á yà á bí o ṣe ń jáde, wọ́n á wá fi àkókò tó o lò pín jíjìn ọ̀nà. Ọgbọ́n tá a máa ń dá níbi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, ká rọra kọjá lójú wọn ká tó wá tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní Gatso. Maurice Gatsonides ló ṣe é, ọmọ Netherlands, asáré ọkọ̀ tó gbégbá orókè nínú ìdíje Monte Carlo ní 1953. Kì í ṣe pé ó kórìíra eré o. Ó fẹ́ mọ bí òun ṣe ń sáré tó níbi kọ́nà, kí òun lè túbọ̀ yára sí i, ló fi ṣe ẹ̀rọ náà. Asáré ló ṣe ohun tó ń mú asáré! Ká ní ọmọ Ìjùmú ni, àwọn dírẹ́fà ì bá ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé ààfin.

Mi ò ní í parọ́ mọ́ Màdáàmù ṣá. Ibì kan wà tó ti jẹ́ olóòótọ́ ju ọkọ̀ mi lọ. Bí ọwọ́ tó ń ka eré nínú ọkọ̀ bá wà lórí 33, Màdáàmù lè ní 30 ni, òun ló sì sábà máa ń jàre. Òfin kò gbà kí ti inú ọkọ̀ sọ iye tó dín sí òótọ́, ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ bá ń jẹ́ kó bù ú lé díẹ̀. Eré tí mò ń sá, ó mọ̀ ọ́n. Eré tó yẹ kí n sá ni kò dá a lójú. Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé pé kí wọ́n gba ti àkọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n gbójú sókè wo irin fún ìkejì. Kóòtù kì í gba Màdáàmù ní ẹlẹ́rìí.

Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti gbé tiwọn kọjá bẹ́ẹ̀. Láti July 2024, ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ eré fún dírẹ́fà, ó ń fi kámẹ́rà ka irin, ó sì ń wo máàpù. Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ kan ní Jámánì sọ pé tòun ka 80 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírélà, ó gbà pé àṣẹ ìjọba ni. Bí tírélà ṣe ń lọ, òfin ń lọ.

Nígbà tí mò ń bọ̀ nílé yìí, mo tan Màdáàmù sílẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò láti Lọ́kọ́jà. Láti Ọbájánà dé Kàbà, a kò níjà. Ọ̀nà kọnkéré tí Dangote ṣe ni, kìlómítà 43. Róbótó rẹ̀ ṣófo, kò sí nọ́mbà nínú rẹ̀, ó ń sinmi. A kúrò ní Kàbà. Dírẹ́fà fi ọ̀dà sílẹ̀, ó gba inú igbó, torí inú igbó ló dán jù. Màdáàmù ta gìrì, ó ní ká yí padà. Dírẹ́fà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀, àwọn náà ti bọ́ sọ́wọ́ tiwa, kò sẹ́ni tó bú ẹnì kejì. Màdáàmù ní ká yí padà. A gba ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́ kan. Ó ní ká yí padà. Ìyá tó jókòó tì mí rọra fọwọ́ kàn mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé o bá ìyàwó rẹ jà ni?”

Dírẹ́fà tẹ bíréèkì. Ó yíjú padà, ó ka orí wa, ó tún un kà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “àǹtí tó ń pariwo lẹ́yìn yẹn, ṣé wọ́n ti sanwó ọkọ̀?”