Èrò Rere, Aṣọ Ẹbí Òde Òní

Ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí, bí ènìyàn bá fẹ́ sin òkú àgbà tàbí kó fẹ́ gbé ìyàwó, ó ní láti yan aṣọ ẹbí. Ẹni tí kò bá sì lágbára àtirà á yóò jókòó sẹ́yìn, níbi tí ẹran kì í dé. Àwọn kan ti wá rí ọgbọ́n tó dín ìnáwó kù. Wọ́n ti rí aṣọ kan tí kì í ṣá, tí a kì í fọ̀, tí télọ̀ kò lè bàjẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bi ọ́ ní iye tí o rà á. Orúkọ aṣọ náà ni Èrò Rere. Bí o bá ti wọ̀ ọ́, ó ti parí: o lè wó ilé onílé, o lè da ọjà ọlọ́jà rú, bí wọ́n bá sì mú ọ, kí o ṣáà na etí aṣọ náà sí wọn kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Ẹ ó mọ àwọn tó ń wọ̀ ọ́. Wọ́n máa ń so káàdì mọ́ ọrùn bí ẹni pé wọ́n lè gbàgbé orúkọ ara wọn. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nípa mẹ̀kúnnù níwájú mẹ̀kúnnù, gẹ́gẹ́ bí dókítà méjì ti ń sọ̀rọ̀ aláìsàn lójú aláìsàn. Ìpàdé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ kí jẹnẹrétọ̀ tó dé, nítorí pé ara ògiri ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ tan ìdẹ̀ra aráyé sí. N kò tíì pàdé ẹyọ kan nínú wọn tó ti ta iyọ̀ rí. Bí àsìkò ìpolongo ìbò bá dé, àwọn olóṣèlú a yá aṣọ náà lọ́wọ́ wọn, wọn a sì gbàgbé láti dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n yáa jẹ́wọ́: èmi náà ti wọ̀ ọ́ rí, fìlà tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà sì ni mo ṣì dé lọ sóko láàárọ̀ àná. Ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ló wá sí ọ̀kan nínú àwọn ọjà wa, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n ní kí n wá ṣe alága ìgbìmọ̀, nítorí pé fọ́tò wọn nílò irun funfun. Dádì ni wọ́n ń pè mí. Ohun tó gbé wọn wá ni ọ̀rọ̀ alájọ.

Alájọ ọjà yìí jẹ́ ọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà ogbó kan tí ariwo rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọjà. Láràárọ̀, ìbáà jẹ́ òjò ń rọ̀ tàbí ọyẹ́ ń fẹ́, yóò yà sọ́dọ̀ ìyá aláta, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ àti ìyá oníyọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá á tú etí ìró, á yọ 500 náírà; alájọ á yọ báírò létí, á fa ìlà kan sínú káàdì tó ní ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, á ní, "Ẹ kú ọjà o," ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí oṣù bá parí, á kó owó ìyá fún un, á sì yọ ti ọjọ́ kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ayé ìyá àwọn ìyá wa nìyẹn, tí a fi ń sọ fún ọlọ́pọlọ pípé pé orí rẹ̀ pé bí orí Alájọ Ṣómólú, ẹni tó gba àjọ odindi oṣù láìkọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnì kankan san.

Àwọn ọmọ wa elérò rere gbé ọ̀rọ̀ yìí sára ògiri, wọ́n sì fi àwọ̀ pupa kọ ọ́. Wọ́n ní ìrẹ́jẹ ni. Wọ́n ní báwo ni òtòṣì yóò ṣe máa sanwó kí ẹlòmíràn tó bá a tọ́jú owó ara rẹ̀? Wọ́n ṣírò rẹ̀: 500 náírà lóṣù, 6,000 lọ́dún, lọ́wọ́ ìyá kan ṣoṣo! Ìbéèrè náà dára púpọ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé wọn kò dúró gbọ́ èsì. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ nawọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àsìkò ìbéèrè ń bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ya fọ́tò.

Ká ní wọ́n gbọ́ tirẹ̀ ni, ìyá ì bá ti sọ fún wọn pé owó tó wà létí ìró kì í ṣe tòun nìkan: ọkọ mọ ibẹ̀, àbúrò ọkọ mọ ibẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ mọ ibẹ̀, kò sì sí bí òun ṣe lè ní òun kò ní tí irọ́ náà kò ní hàn lójú. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti wà lọ́wọ́ alájọ, "ó wà lọ́wọ́ alájọ" ti di òdodo ọ̀rọ̀. 500 náírà tó ń san lóṣù, owó ilẹ̀kùn ni; ó ń sanwó kí wọ́n lè bá a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹbí. Bí ilé ìwé bá sì wọlé tí oṣù kò tíì pé, alájọ á fún un ní owó ṣáájú, nítorí pé ó ti ń wo ọwọ́ ìyá yìí láti bí ọdún mẹ́sàn-án, ó sì mọ ẹni tí í san àti ẹni tí í sá. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé kankan. Inú orí ọkùnrin kan ló wà, lórí ọ̀kadà.

Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nìyí: ẹ̀yáwó 50,000 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ogójì obìnrin, láìsí èlé, láìsí onídùúró, nítorí pé wọ́n ní bíbéèrè onídùúró lọ́wọ́ òtòṣì ń bu iyì rẹ̀ kù. Èmi alága dìde, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí ojú ṣì ń tì mí láti tún sọ. Mo ní ilẹ̀ ti mọ́ fún ọjà wa. Ní oṣù kìíní, obìnrin méje mú nǹkan wá. Ní oṣù kejì, méjì. Ní oṣù kẹta, ó ku ìyá ẹlẹ́lùbọ́ nìkan, ó sì kó gbogbo 50,000 náà wá nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e fún un, nítorí pé kò tú u rárá. Ó ní òun kò mọ ẹni tó ni owó náà, òun kò sì mọ bí a ṣe ń ná owó tí ẹnì kan kò ní wá béèrè. Mẹ́ta nínú àwọn tó kù ti fi tiwọn ra aṣọ ẹbí, èyí tí télọ̀ ń rán. Lójú wọn, owó ìjọba ni, owó ìjọba kì í sì í ní olówó.

Alájọ ńkọ́? Fún oṣù mẹ́ta tí owó fi wà nílẹ̀, àwọn ìyá dá a padà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó fọwọ́ lẹ́rán títí, ó sì kó ọ̀kadà rẹ̀ gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ. Nígbà tí ilé ìwé wọlé ní oṣù kẹsàn-án, owó ọ̀fẹ́ ti tán, àjọ kò sí, kò sì sí ẹni tí yóò fúnni ní owó ṣáájú.

Mo pe olórí ẹgbẹ́ náà lórí fóònù. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, Dádì. A ti kọ ìròyìn ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé èrò wa dára." Mo bi í pé owó ńkọ́, alájọ ńkọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ ńlá ni àwọn rí kọ́. Òótọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ọmọ onígbàjámọ̀ ti ń fi orí olórí kọ́ṣẹ́. Àwọn bàbá wa kò ní fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba àdúrà tó kan ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún wa: òòṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi.

Bí ó bá ṣe pé ọjà kan ṣoṣo ni, à bá fi ẹ̀rín pa á. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ti dé Àbújá tipẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Ẹ yẹ èrò tó wà nídìí rẹ̀ wò, ẹ kò ní rí ọ̀kan tó burú: kí owó tí wọ́n kó pamọ́ sílé lè jáde, kí ayédèrú owó dínkù, kí àwọn ajínigbé má rí owó ìtúsílẹ̀ gbà, kí ọwọ́ àwọn tó ń fi owó ra ìbò sì rọ kí ìdìbò oṣù kejì ọdún 2023 tó dé. Ta ni yóò bá irú èrò bẹ́ẹ̀ jà? Síbẹ̀, n kò rí olóṣèlú kankan tí ebi pa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù náà. Ẹni tí mo rí ni ìyá kan tó gbé ẹ̀gẹ́ wá láti oko, tí ilẹ̀ fi ṣú tí kò rí ẹni tó lówó lọ́wọ́ láti rà á, tí kò sì ní owó ọkọ̀ tí yóò fi gbé e padà. Mo rí bí a ṣe ń fi owó ra owó: nídìí POS, ẹni tó fẹ́ gba 10,000 ń fi 2,000 sílẹ̀, bí ó bá sì rojọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ní kó kúrò lọ́nà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló pàṣẹ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí ọdún yóò fi parí. Títí di òní, mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń gbèjà ètò náà. Ó ní ète rẹ̀ dára, bí wọ́n ṣe ṣe é ni kò dára. Bí ẹni pé ẹ̀gẹ́ tó ti jẹrà mọ ìyàtọ̀.

Àrùn náà kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní ọdún 1958, ìjọba Mao Zedong ní Ṣáínà ṣàkíyèsí pé ẹyẹ ológoṣẹ́ ń jẹ ọkà àwọn àgbẹ̀. Kò purọ́ mọ́ ọn. Ó ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo ìlú jáde, tọmọdé tàgbà, kí wọ́n máa lu ìkòkò àti ìlù kí ẹyẹ má rí ibi bà sí, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tí yóò sì já lulẹ̀ kú. Ẹ fojú inú wo bí ọjọ́ náà yóò ti dùn tó, kí odindi orílẹ̀-èdè wọ aṣọ kan náà! Ohun tí wọn kò bi àgbẹ̀ ni ohun mìíràn tí ológoṣẹ́ ń jẹ. Kòkòrò ló ń jẹ. Nígbà tí ẹyẹ tán, kòkòrò àti eéṣú rí ayé jẹ, àwọn náà kò sì dá ọkà sí. Ní ọdún 1960, wọ́n yọ ológoṣẹ́ kúrò lára àwọn ọ̀tá, wọ́n fi ìdun rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàn ti mú jákèjádò ilẹ̀ náà, ìparun ẹyẹ yìí sì wà lára ohun tó fà á. Ó dá mi lójú pé ìyá kan nawọ́ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ náà.

Ẹnì kan á ti máa wí pé mo kórìíra ìlọsíwájú, pé bí ó bá ṣe tèmi ni, ọmọ àgbẹ̀ kò ní kàwé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ló sọ èmi fúnra mi di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí wọ́n ti ṣe é. Ọdún 1952 ni wọ́n ti gbé ìlànà rẹ̀ síwájú ilé aṣòfin ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń kọ́ olùkọ́, wọ́n ń kọ́ yàrá ìkàwé, kí wọ́n tó pe ọmọ kankan. Wọ́n sọ fún àgbẹ̀ lójú kòrókòró pé yóò sanwó sí i. Inú bí àgbẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, pàdánù ìbò ìjọba àpapọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún 1954, owó náà sì wà lára ìdí rẹ̀. Wọ́n fara gbá a, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ó yẹ kí ìyẹn yé ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwa tí a ń jẹ ọkà kí a tó mu kọ yangan. A mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú. Ẹ wá fi wé ti ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn ọmọ tó wá ju iye tí wọ́n retí lọ, tí olùkọ́ kò sì tó. Mo wà lára àwọn tí wọ́n kó sí kíláàsì lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́. Mo ń fi àtùpà ka ìwé náà lóru kí n tó lè kọ́ wọn láàárọ̀, àwọn ọmọ kan sì wà níbẹ̀ tó yẹ kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Áílándì kan tó ń ṣòṣèlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edmund Burke, wo bí àwọn ará Faransé ti ń dojú ètò ìlú wọn àtijọ́ dé lọ́dún 1790, ó sì kọ ọ́ pé àjọṣe ni àwùjọ jẹ́ láàrin àwọn tó wà láàyè, àwọn tó ti kú àti àwọn tí a kò tíì bí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ọ̀rọ̀ yìí gba oyè ní yunifásítì. Ìyá arúgbó kankan ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n nílùú wa ì bá ti sọ ọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ojú rẹ̀ ni egúngún ń jáde lọ́dọọdún. Àjọ náà ni. Burke kàn gbàgbé láti dárúkọ alájọ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ wa tún fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ìpàdé mìíràn ń bọ̀, wọ́n sì ní kí Dádì wá ṣe alága. Wọ́n ní àwọn ti ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀, àwọn sì ti rí i pé ohun tí àwọn obìnrin ọjà nílò ni ètò kan tí yóò máa gba owó kékeré lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́, tí yóò bá wọn tọ́jú rẹ̀, tí yóò sì kó o fún wọn níparí oṣù. Orí fóònù ni yóò wà. Wọn yóò máa yọ owó díẹ̀ nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

Mo ka lẹ́tà náà fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́ nídìí igbá rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó bu ẹ̀lùbọ́ sínú kóńgò, ó fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú, ó dà á sínú ọ̀rá fún oníbàárà, ó ní:

"Bàbá Tíṣà, ṣé nọ́ńbà alájọ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín?"