A kì í ṣe ahun, ìṣirò owó la ò gbọ́

Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí àwọn àgbà àdúgbò ń sọ pé àwọn èèyàn ìsinsìnyí ò nífẹ̀ẹ́ ara wọn mọ́, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ dáwó, kò sẹ́ni tó fẹ́ wá sípàdé. Ìgbàgbọ́ táwọn èèyàn ní nínú ẹgbẹ́ ló já, ó sì nídìí tó fi já.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà. Láti Ìkòròdú dé Ọ̀tà títí dé Ìbàdàn, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Tiransifọ́mà á jó, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná á ní kò sí òmíì nílẹ̀. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù á pèpàdé, wọ́n á bu owó lé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Lánlọ́ọ̀dù á san, ayálégbé á san, ìyá alákàrà náà á mú tiẹ̀ wá. Iná á dé, gbogbo wa á yọ̀. Ṣùgbọ́n èló gan-an ni wọ́n rà á? Èló ló ṣẹ́ kù, ọwọ́ ta ló sì wà? Ẹni tó bá dìde béèrè, wọ́n á ní ó fẹ́ da ẹgbẹ́ rú. "Ṣé o rò pé a kówó jẹ ni?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á parí sí. Tí wọ́n bá wá ń gba owó géètì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ á tilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á ní àwọn ò sí nílé.

Èyí tó dùn mí jù ni pé láti 2015 ni NERC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná, ti gbé ìlànà jáde pé kí àdúgbò tó bá fẹ́ fowó ara rẹ̀ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bá iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ṣe àdéhùn lórí bí wọ́n ṣe máa dá owó náà padà. Ìpàdé mélòó lẹ ti lọ tí wọ́n ti ka èyí sí yín létí?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tó ta ko owó orí, dìde ní 1968 sí 1969, tí Tàfá Adéoyè wà lára àwọn aṣáájú wọn, ohun tí wọ́n ń ké ni pé "Òkè mẹ́fà là ó san", ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àwọn á san. Ohun tó bí wọn nínú ni pé owó orí ń ga sí i, àwọn agbowó ń fojú wọn gbolẹ̀, ọ̀nà oko wọn sì bàjẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ẹ tún wo àjọ táwọn ọlọ́jà ń dá. Àwọn ìyá ọjà wa tí wọn ò gba alága àdúgbò gbọ́ rárá ń kó owó lé alájọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́. A ṣì ń dárúkọ alájọ Ṣómólú títí dòní, ẹni tó ń gba àjọ ọ̀pọ̀ èèyàn láì kọ ọ́ sílẹ̀, tí kì í sì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Nínú èésú, gbogbo yín lẹ mọ ẹni tó kàn láti kó, ẹ sì mọ oye tó máa kó. Òótọ́ ni pé MMM, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣèlérí èrè ńlá, ti owó àwọn èèyàn mọ́lé ní December 2016, tí CBEX tó jọ ọ́ náà sì ṣe tiẹ̀ ní April 2025, ìyẹn sì ti jẹ́ káwọn kan máa fura sí aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Síbẹ̀ àjọ ọjà ò parẹ́.

Mi ò gbè sẹ́yìn àwọn tó ní sólà àti bóhò, tí wọ́n wá ń sọ pé ọ̀rọ̀ àdúgbò ò kan àwọn. Ọ̀nà tí mọ́tò yín ń gbà, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ là á ni? Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ òru, ṣé kì í kọjá níwájú ilé yín? Ìwà ìrẹ́jẹ ni.

Àmọ́ mo mọ akápò kan n'Íbàdàn, obìnrin tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, tó máa ń lẹ ìwé ìṣirò mọ́ ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóṣooṣù: ẹni tó san, ẹni tí kò san, ohun tí wọ́n rà àti ríṣíìtì rẹ̀. Àwọn tó ń bú u tẹ́lẹ̀ ti wá ń san kó tó béèrè. Kò wàásù fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ayálégbé ló kù tí mi ò fẹ́ ká fojú fò. Ẹ̀ ń gba owó ọlọ́dẹ, owó iná àti owó gọ́tà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n tó bá dọjọ́ ìpàdé, ẹ̀ ń sọ pé ti lánlọ́ọ̀dù nìkan ni. Ẹni tó ń gbé àdúgbò láti ọdún mẹ́wàá, tí kò jẹ gbèsè kankan, kò lẹ́nu láti sọ pé ẹ ṣí ìwé owó wò. Ẹ̀yin alága, ẹ fún wọn láyè láti jókòó síbẹ̀, kí wọ́n dìbò, kẹ́ ẹ sì mú ọ̀kan lára wọn mọ́ àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé báǹkì ẹgbẹ́.