Kì í ṣe ìwà àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà

Ohun tí ẹ kọ pé àwọn àgbẹ̀ kòkó òde òní kò ní òótọ́ bíi ti àwọn bàbá wọn kò wọ̀ mí létí. Nígbà tí Bọ́ọ̀dù Kòkó, àjọ ìjọba tó ń rí sí ríra kòkó, ṣì wà, owó kòkó gíréèdì kìn-ín-ní ju ti ìkejì lọ. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi máa ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, tí yóò sì sá a títí yóò fi máa ró wóró-wóró bí a bá fọwọ́ rò ó, nítorí ó mọ̀ pé olùyẹ̀wò yóò fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀ sí méjì lójú òun, láti wò ó bóyá inú rẹ̀ ti bu. Ìjọba tú bọ́ọ̀dù náà ká ní 1986, àwọn oníṣòwò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó wá bá wa nínú oko, iye kan náà lórí gbígbẹ àti tútù. Bàbá mi ṣì ń sá tirẹ̀ fún bí ọdún méjì (olórí kunkun ni), àmọ́ kòkó tó bá gbẹ a máa fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n, aládùúgbò wa tó ń ta tútù ló sì ń gbowó jù. Ní ọdún kẹta, èmi gan-an ló rán pé kí n kó o kúrò lórí ẹní lọ́jọ́ kejì tí a sá a.

Ẹni tó kọ̀wé lókè pé àìsí ẹ̀kọ́ ilé ló fà á, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin kan náà ni mo ń sọ yìí. N kò sọ pé ayé bọ́ọ̀dù mọ́ tónítóní o. Àwọn olùrà kan a máa yí òṣùwọ̀n nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń ra kòkó lónìí pé èló ni wọ́n ń fi kún owó ẹni tó sá tirẹ̀ gbẹ.