Ọgọ́rùn-ún Èbù, Ọgọ́rùn-ún Irọ́

Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún èbù tán, á wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Òjò ti dé sí Abuja, ariwo “a ó gbin mílíọ̀nù igi” ti bẹ̀rẹ̀. Fìlà tuntun, ṣọ́bìrì tuntun, fọ́tò. Oṣù karùn-ún ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ jáde, oṣù keje ni wọ́n fẹ́ gbìn. Igi òrí wo ló máa wà nílẹ̀ láàárín oṣù méjì? Agbaṣẹ́ṣe á sáré lọ sẹ́bàá títì, á ra dóńgóyárò àti gmelínà, igi òkèèrè. Bẹ́ẹ̀, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde! Òrí àti irúgbá wà lóko Kuje àti Gwagwalada.

Ọdún kan ṣáájú ló yẹ kí ẹ̀yin tó ń gbé iṣẹ́ jáde ti pe onímọ̀ irúgbìn. Kóró òrí kì í pẹ́ kú: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ní hù mọ́. Kò ṣeé sá gbẹ, kò ṣeé kó sí yàrá òtútù. Ẹni tó rà á lọ́jà, òkú ló sábà máa ń rà, torí wọ́n ti bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó sá a. Èyí tó gbó tó já fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ṣà, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Gbòǹgbò ló ń kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọ̀mùnú ti ń padà wá sókè, kì í sì í yá. Aláìmọ̀kan á ní kò hù, á dà á nù. Bí náílọ́ọ̀nù tí ẹ gbìn ín sí bá kúrú, gbòǹgbò á lọ́ mọ́ra, igi á kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ti irúgbá yàtọ̀, èèpo rẹ̀ le. Ẹ da omi híhó lé e, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, èyí tó bá wú ni kí ẹ gbìn. Ẹ má gbé e kaná o, àfi bó bá jẹ́ pé irú lẹ fẹ́ sè.

Ẹ má sì kó gbogbo kóró lára igi kan torí pé ó súnmọ́ ọ́fíìsì. Ó kéré tán ọgbọ̀n igi tó jìnnà síra, kí ẹ má mú ju ìdá kan nínú márùn-ún èyí tó gbó lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo igbó tó ti ara igi kan wá. Àrùn kan lè gbá a lọ.

Ẹni tó mọ gbogbo èyí lẹ ń fi ṣẹ̀sín: “Ọmọ tó jáde yunifásítì ló ń ṣa èso kiri?” Ẹ rówó fìlà, ẹ ò rówó àpò aṣọ, ẹ wá ń fún un ní náílọ́ọ̀nù tí kóró ń lóoru tó sì ń jẹrà sí. Ẹ fún un ní mọ́tò, ẹ gba ẹni tí yóò máa lé ewúrẹ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn kejì yóò fi kọjá. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ fi ṣọ́bìrì sílẹ̀.