Àtúnṣe: Àkópọ̀ ojú ewé kan kò lè rọ́pò ìwé ọ̀sìn adìyẹ

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé kí ẹnikẹ́ni má fowó ra ìwé ọ̀sìn adìyẹ mọ́, pé àkópọ̀ ojú ewé kan ti kó gbogbo ohun tó wà nínú wọn tán. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìlà kan péré nínú irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀: "Jẹ́ kí ara òròmọdìyẹ móoru." Ó tọ̀nà, àmọ́ báwo ni ooru náà ṣe máa pọ̀ tó? Ìwé ọ̀sìn gidi á sọ pé 32 sí 35 Celsius ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa dín nǹkan bí 3 kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Á tún sọ ohun tí ojú yóò rí bí nǹkan bá wọ́. Bí àwọn òròmọdìyẹ bá kóra jọ sábẹ́ iná tó ń fún wọn ní ooru, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá fún iná, tí wọ́n lanu tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, atẹ́gùn ń wọlé láti òdìkejì. Àlàyé yìí ni àkópọ̀ máa ń gé kúrò, òun gan-an sì ni ọlọ́sìn nílò lóru.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: ẹ mú ìbéèrè kan, ẹ wá a nínú àkópọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá a nínú atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé. Ẹ wo ọdún ìtẹ̀jáde pẹ̀lú, torí ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń yí padà.

Ìwé wọ́n lóòótọ́, a ò bá ẹni tó pín àtẹ̀jíṣẹ́ náà wí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.